Ẹni Tó Dúró Ló Ń Gbé e Wọlé: Bí Wọ́n Ṣe Lè Dènà Àrùn Fúlù Láàárín Àwọn Aláìsàn Nílé Ìwòsàn

Nínú àwọn àrùn tí èémí àti ọwọ́ ènìyàn máa ń gbé kiri, díẹ̀ ni ó mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn tó èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní ìnfulúẹ́ńsà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gé kúrú sí fúlù. Ọ̀rọ̀ àsọyé yìí dá lórí bí àrùn náà ṣe ń wọ inú wọ́ọ̀dù, bí ó ṣe ń kúrò lórí ibùsùn kan bọ́ sórí òmíràn, àti ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn àti àwọn ẹbí aláìsàn lè ṣe láti dá a dúró. Kókó kan wà tí ó yẹ kí olùgbọ́ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó dùbúlẹ̀ ni fúlù ń pa nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó ń gbé e wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Ó yẹ láti kọ́kọ́ ya fúlù sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀fìnkìn lásán, nítorí àwọn méjèèjì jọ máa ń mú kí imú ṣomi, kí ọ̀nà ọ̀fun dunni, kí ènìyàn sì máa wúkọ́, ìdí sì nìyí tí orúkọ kan náà fi ń jẹ́ ti àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀fìnkìn lásán a máa yọ́ wọlé ni: imú a kọ́kọ́ máa yún ènìyàn, sísín a tẹ̀lé e, ẹni tó ń ṣe sì lè máa bá iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ lọ. Fúlù ní tirẹ̀ a máa dé lójijì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó jí ní àlàáfíà lè ti máa gbọ̀n nígbà tí ọ̀sán bá fi pọ́n, tí ara rẹ̀ yóò máa gbóná, tí orí yóò máa fọ́ ọ, tí gbogbo ara yóò máa ro ó bí ẹni tí wọ́n fi igi nà, tí ikọ́ gbígbẹ yóò sì tẹ̀lé e. Kòkòrò tó ń fà á kéré débi pé awò tí wọ́n fi ń rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè fi í hàn. Irú kòkòrò tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì lè bí sí i àfi bí ó bá wọ inú ara ohun ẹlẹ́mìí, ni wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Oríṣi mẹ́rin ni fáírọ́ọ̀sì ìnfulúẹ́ńsà pín sí, èyí tí wọ́n fi lẹ́tà A, B, C àti D dá mọ̀, ṣùgbọ́n A àti B ni ó ń fa àìsàn tó ń jà káàkiri lọ́dọọdún. Nítorí pé fáírọ́ọ̀sì ni, àwọn oògùn tí wọ́n ṣe láti pa bakitéríà, irú àwọn kápúsù aláwọ̀ méjì tí àwọn ènìyàn máa ń rà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kò ní agbára kankan lórí rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí fúlù ń ṣe lọ́dọọdún káàkiri ayé tó bílíọ̀nù 1, pé ó ń le fún mílíọ̀nù 3 sí 5 nínú wọn, àti pé àwọn tí ó ń ti ọ̀nà èémí pa wà láàárín 290,000 sí 650,000. Ilẹ̀ Yorùbá pàápàá ti fojú winá àrùn yìí rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé ìnfulúẹ́ńsà gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, ó sì gba ojú irin àti ojú ọ̀nà wọ àárín ilẹ̀ lọ, àwọn onímọ̀ ìtàn sì fojú bù ú pé àwọn tó bá a lọ ní Nàìjíríà tó 500,000 láàárín oṣù mélòó kan. Ohun tó yẹ ká fà yọ nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe ìjì ni ó fẹ́ àrùn náà ré kọjá òkun. Èrò ọkọ̀ ni ó gbé e, àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀. Bí ó ṣe rí fún ìlú nígbà náà ni ó ṣe ń rí fún wọ́ọ̀dù títí di òní.

Fúlù lè ràn lọ́jà, nílé ìjọsìn àti nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ó mú kí ti ilé ìwòsàn burú jù. Èkíní ni pé àwọn tí ó ń bá níbẹ̀ kò ní agbára tí wọn yóò fi bá a jà. Arúgbó, aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹni tó ní ikọ́-fée, ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àti ẹni tó ń lo oògùn jẹjẹrẹ tó ń dín agbára ara láti gbèjà ara rẹ̀ kù, gbogbo wọn ni fúlù lè sọ di ẹni tí òtútù àyà mú, ìyẹn àìsàn tó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró kún fún omi àti ọyún, tí afẹ́fẹ́ kò fi ní ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni pé ara tí kò lágbára kì í tètè lé fáírọ́ọ̀sì náà jáde, nítorí náà, nígbà tí ẹni tí ara rẹ̀ le lè máa ràn án fún ọjọ́ 5 sí 7 lẹ́yìn tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ kékeré tàbí aláìsàn tí ara rẹ̀ ti hẹ lè máa ràn án pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni pé ọwọ́ kan náà ni ó ń tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn: nọ́ọ̀sì kan a máa kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn láti àárọ̀ títí di ìgbà tó máa lọ sílé, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn láwùjọ tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ti ń kan ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò lókun tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Báwo wá ni fúlù ṣe ń kọjá ẹnu-ọ̀nà láìsí ẹni tó fura? Láti ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì náà bá ti wọ ara títí di ìgbà tí àìsàn yóò fara hàn, ọjọ́ 1 sí 4 ni ó máa ń gbà, ọjọ́ 2 ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ti kó o lè bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án ní nǹkan bí ọjọ́ kan kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, àwọn mìíràn sì wà tí àìsàn náà kì í lágbára lára wọn ju kí imú wọn dí lọ. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ dókítà tó gbà pé orí tó ń fọ́ òun kò ju àìsùn lọ, tàbí ìyá tó wá kí ọmọ rẹ̀, tàbí ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù. Ní Nàìjíríà, ohun mìíràn tún wà tó ń bo fúlù mọ́lẹ̀, ìyẹn ibà. Nítorí pé ẹ̀fọn pọ̀, tí ibà sì wọ́pọ̀, ara gbígbóná èyíkéyìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà sí ibà, wọn a sì tẹ́ aláìsàn náà sáàárín àwọn yòókù, nígbà tó jẹ́ pé ibà kì í ti ara ẹnìkan ràn mọ́ ẹni tó wà lórí ibùsùn kejì, ṣùgbọ́n fúlù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn arúgbó, ara tiẹ̀ lè má gbóná rárá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn kọ oúnjẹ tàbí pé ọ̀rọ̀ wọn dàrú ni.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni, kí olùgbọ́ fi ojú inú wo wọ́ọ̀dù kan tó ní ibùsùn 6, ní agogo 7 òwúrọ̀, nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń fa iṣẹ́ lé àwọn ti òwúrọ̀ lọ́wọ́. Baba arúgbó tó wà lórí ibùsùn kẹta, ẹni tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó kán ni ó gbé e dé ibẹ̀, wúkọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi ọwọ́ kan náà di irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú kí ó lè jókòó. Nọ́ọ̀sì dé láti wo ìfúnpá rẹ̀. Ó gbá irin náà mú kí ó lè tẹ̀ síwájú, ó we aṣọ ẹ̀rọ mọ́ apá baba, ó tú u, ó fa bírò yọ lápò, ó kọ ohun tó rí sínú fáìlì, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó wà lórí ibùsùn kẹrin, ó we aṣọ ẹ̀rọ kan náà mọ́ apá onítọ̀hún, ó sì bá a tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ baba gbé ògì àti mọ́ínmọ́ín dé, ó gbá irin ibùsùn mú, ó bọ́ baba rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó hùwà burúkú kan nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Iṣẹ́ àti ìfẹ́ ni ó gbé ọwọ́ wọn kiri. Síbẹ̀, àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ṣe, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1982, fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì fúlù lè wà láàyè fún wákàtí 24 sí 48 lórí irin tí kì í dípẹtà àti lórí ike, pé kì í ju wákàtí 8 sí 12 lọ lórí aṣọ, ìwé àti tíṣù, àti pé lórí ọwọ́, kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 lọ. Ìṣẹ́jú 5 kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ju àkókò tí ọwọ́ nọ́ọ̀sì gbà láti kúrò lára irin ibùsùn kẹta dé ara ìrọ̀rí ibùsùn kẹrin.

Ọwọ́ nìkan kọ́ ni ọ̀nà tó ń gbà. Ẹni tó bá wúkọ́ tàbí tó sín a máa tú itọ́ wẹ́wẹ́ jáde. Àwọn tó tóbi nínú rẹ̀ kì í rìn jìnnà kí wọ́n tó balẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí ibùsùn kan jìnnà sí èkejì ní mítà 1 ó kéré tán, ṣùgbọ́n àwọn tó kéré jù lọ lè máa léfòó nínú afẹ́fẹ́ bí eruku inú ìtànṣán oòrùn. Ní ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú kan bà jẹ́ sórí ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èrò sì jókòó sínú rẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta láìsí pé ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan tí fúlù ń ṣe wà láàárín wọn. Ènìyàn 54 ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, nígbà tí yóò sì fi tó wákàtí 72, ìpín 72 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àìsàn ti dá wó.

Ẹ̀rí tó tún sún mọ́ ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù jù bẹ́ẹ̀ lọ wá láti ilé ìwòsàn àwọn tó fìgbà kan ṣiṣẹ́ ológun ní ìlú Livermore, ní ìpínlẹ̀ California, nígbà tí irú fúlù tuntun kan gba gbogbo ayé kan ní ọdún 1957 sí 1958. Àwọn tí ikọ́ ife ń ṣe ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Nínú ilé kan, wọ́n gbé àwọn iná tí ìtànṣán wọn ń pa kòkòrò sókè lẹ́bàá àjà, kí afẹ́fẹ́ tó bá gbéra sókè lè gba iwájú wọn kọjá; nínú àwọn ilé yòókù, kò sí irú iná bẹ́ẹ̀. Aláìsàn 4 péré ni ó kó fúlù nínú 209 tó wà níbi tí iná náà wà, nígbà tó jẹ́ pé 75 ni ó kó o nínú 396 tó wà níbi tí kò sí. Iná tó wà lókè àjà kò lè fọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì lè nu irin ibùsùn, nítorí náà, ohun tí èyí ń tọ́ka sí ni pé afẹ́fẹ́ inú iyàrá wà lára ohun tó ń gbé fúlù kiri. Kò dìgbà tí ilé ìwòsàn bá ra irú iná bẹ́ẹ̀ kí ó tó lè lo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Àwọn wọ́ọ̀dù àtijọ́ tí àjà wọn ga, tí fèrèsé wọn sì kọjú síra wọn, ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba inú wọn já, ṣùgbọ́n iyàrá tí wọ́n ti sé pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe ju kí ó máa yí èémí àná po lọ, pàápàá nígbà tí iná ọba bá lọ, tí kò sì sí ẹni tó rántí ṣí fèrèsé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á kalẹ̀ láti ọdún 2009 pé níbi tí wọ́n bá ti gbẹ́kẹ̀ lé fèrèsé, afẹ́fẹ́ tuntun tó ń wọlé sí wọ́ọ̀dù lásán gbọ́dọ̀ tó lítà 60 fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Bí ọ̀nà tó ń gbà bá ti yéni, ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro láti tò lẹ́sẹẹsẹ. Èyí tó ṣáájú ni kí wọ́n mọ̀ ọ́n ní ẹnu-ọ̀nà. Kí akọ̀wé tàbí nọ́ọ̀sì tó ń gbàlejò aláìsàn bi í ní ìbéèrè méjì, bóyá ara rẹ̀ ń gbóná àti bóyá ó ń wúkọ́. Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì, kí wọ́n fún un ní ìbomú lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì mú un jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kúrò láàárín èrò, kí dókítà tó rí i. Kò yẹ kí wọ́n dúró de èsì àyẹ̀wò kí wọ́n tó ṣe èyí, nítorí pé lọ́pọ̀ ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò fúlù kò sí ní tòsí, àrùn kì í sì í dúró de yàrá àyẹ̀wò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí wọn kò bá tètè ya ẹni tó ń wúkọ́ sọ́tọ̀, aláìsàn tó wá nítorí ìkọlà tàbí ìbímọ ni yóò padà wá di ẹni tí àrùn mú.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á sílé ìwòsàn, kí ó ní iyàrá tirẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n kó àwọn tí ó dájú pé fúlù ń ṣe pọ̀ sójú kan, kí àwọn nọ́ọ̀sì kan náà sì máa tọ́jú wọn, kí ẹsẹ̀ má baà máa wọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ìlànà àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé kí ìyàsọ́tọ̀ náà tó ọjọ́ 7 láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó di wákàtí 24 lẹ́yìn tí ara gbígbóná àti ikọ́ bá ti lọ, èyíkéyìí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Òṣìṣẹ́ tó bá wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bo imú àti ẹnu rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ tó lè mú kí èémí aláìsàn fọ́n káàkiri, bíi kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun láti fi gba èémí, ìbomú tó nípọn, tó sì fún mọ́ ojú dáadáa ni ó yẹ kí ó lò.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ tẹ̀lé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìgbà márùn-ún tí òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ sọ ọwọ́ rẹ̀ di mímọ́: kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí ìdọ̀tí kò gbọ́dọ̀ bá, bíi kí ó gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀, ikun tàbí omi ara mìíràn bá ṣeé ṣe kó ti kàn án, lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan ohun tó yí aláìsàn ká, bí kò tilẹ̀ kan aláìsàn náà fúnra rẹ̀. Ìgbà karùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun gan-an sì ni irin ibùsùn kẹta ń rán ènìyàn létí. Ọṣẹ àti omi ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 60, ṣùgbọ́n omi apakòkòrò tí wọ́n fi ọtí líle ṣe kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30 lọ, kò sì nílò omi ẹ̀rọ, èyí tó ṣe pàtàkì níbi tí ẹnu ẹ̀rọ ti máa ń gbẹ. Ẹ̀ka apòògùn ilé ìwòsàn lè po omi náà fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ọtí ẹtánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ jẹ́ ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n sì fi glísírín díẹ̀ sí i kí ó má baà gbẹ awọ ara. Ìbọ̀wọ́ kò rọ́pò ọwọ́ fífọ̀, nítorí pé ìbọ̀wọ́ tí wọn kò bọ́ láti orí ibùsùn kan dé òmíràn, òṣìṣẹ́ nìkan ni ó ń dáàbò bò, kì í ṣe aláìsàn. Irin ibùsùn, tábìlì oúnjẹ, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìfúnpá àti fóònù òṣìṣẹ́ náà yẹ ní nínu pẹ̀lú ohun apakòkòrò lójoojúmọ́. Fáírọ́ọ̀sì fúlù kò le pa, ọṣẹ lásán pàápàá ń tú u ká.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún fúlù, èyí tó ń kọ́ ara bí yóò ṣe dá fáírọ́ọ̀sì náà mọ̀ kí ó tó dé. Nítorí pé fáírọ́ọ̀sì náà a máa pààrọ̀ àwọ̀ léraléra, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kó jọ máa ń pinnu irú èyí tí wọn yóò fi sínú abẹ́rẹ́ náà, ó sì ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ara tó gbà á yéké. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn arúgbó àti àwọn tí ara wọn ti hẹ, tí wọ́n nílò rẹ̀ jù, ni ara wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ. Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ ronú pé, bí ààbò kò bá tó lára ẹni tó dùbúlẹ̀, kí wọ́n fi í sára ẹni tó dúró. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn 20 tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó ní Sikọ́tíláǹdì, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, ìpín 13.6 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn ni ó kú níbi tí wọ́n ti fún àwọn òṣìṣẹ́ láǹfààní abẹ́rẹ́ náà, ìpín 22.4 ni ó sì kú níbi tí wọn kò ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ láti fi kún un pé àyẹ̀wò imú àwọn aláìsàn náà kò fi irú ìyàtọ̀ tó gbòòrò bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí náà, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí àǹfààní náà ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mọ́ àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ gbà á. Ilé ìwòsàn Virginia Mason ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2005, ó sì ju ìpín 97 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ tó gbà á. Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ fúlù kò sí lára àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìjọba ń fún àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ lè rà á fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù tó léwu jù, bíi ti jẹjẹrẹ, ti kíndìnrín àti ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìtọ́jọ́.

Oògùn wà pẹ̀lú. Oseltamivir, tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 5, a máa dí fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ láti jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ara kan bọ́ sínú òmíràn, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 48 tó pé. Níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé pẹ́, bíi ilé ìtọ́jú arúgbó, bí ènìyàn méjì bá kó fúlù láàárín wákàtí 72, àmì ni pé iná ti ń ràn lábẹ́ ewé, dókítà sì lè fún àwọn yòókù ní oògùn náà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kí wọ́n má baà kó o. Dókítà nìkan ni ó lè pinnu èyí. Kì í ṣe oògùn tí ẹbí aláìsàn ń rà wá láti ìta.

Gbogbo ìlànà wọ̀nyí kò ní wúlò bí òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ ń gbóná bá ṣì ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe àìbìkítà ni ó sábà ń mú un lọ: ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò dúró fún un, tàbí pé wọn yóò gé owó ọjọ́ náà kúrò nínú owó oṣù rẹ̀, tàbí pé ọ̀gá rẹ̀ yóò kà á sí ọ̀lẹ. Nítorí náà, aláṣẹ ilé ìwòsàn tí kò fàyè sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ láti ṣàìsàn nílé ni ó ń pe fúlù wọ wọ́ọ̀dù. Nàìjíríà ti rí i kọ́ pé ìṣọ́ra ènìyàn díẹ̀ nínú ilé ìwòsàn lè gba ìlú là. Nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ dá aláìsàn tó gbé e wọlé sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì bá àrùn náà lọ. Ènìyàn 20 ni ó mú, 8 nínú wọn kú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mú sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ebola kì í ṣe fúlù, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ràn kò sì rí bákan náà, ṣùgbọ́n garawa ọwọ́ fífọ̀ tó gba ẹnu-ọ̀nà gbogbo kan lọ́dún náà, tó sì ti pòórá ní ọ̀pọ̀ ibi báyìí, ìbá ṣì máa ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá kí aláìsàn. Láwùjọ Yorùbá, ẹni tí kò bá lọ wo ẹbí rẹ̀ nílé ìwòsàn ti ṣẹ̀, ẹbí ni ó sì ń gbé oúnjẹ wá, tó ń ra oògùn, tó ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ sùn nítòsí wọ́ọ̀dù, nítorí náà, kò sí ọgbọ́n nínú kí wọ́n lé ẹbí jáde. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ẹni kan tàbí méjì tí ara wọn yá máa dúró ti aláìsàn, kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wọlé àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde, kí wọ́n má ṣe jókòó sórí ibùsùn, kí wọ́n má mú ọmọ kékeré wá, kí àwọn ìjọ tó fẹ́ gbàdúrà sì rán aṣojú kan dípò kí ogún ènìyàn yí ibùsùn po. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nítorí náà, kò burú kí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn sọ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń wúkọ́ pé kí ó dúró síta, kò sì burú kí aláìsàn rọra bi nọ́ọ̀sì bóyá ó ti fọ ọwọ́.

Ẹni tó dùbúlẹ̀ kò lè sá fún ẹni tó dúró tì í. Ẹni tí ikọ́ ń ṣe tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná, ì báà jẹ́ dókítà, ì báà jẹ́ ọmọ bíbí inú aláìsàn, kí ó jókòó sílé títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, kí ó fi oúnjẹ náà rán ẹlòmíràn, kí ó sì fi fóònù kí ẹni tó fẹ́ kí.